Erìgì ìdí eyín implant mi ń ṣẹ̀jẹ̀, èsì àyẹ̀wò sì ń dẹ́rù bà mí

Olùbéèrè: Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Ó ti pé ọdún 5 tí wọ́n ti gbin eyín implant kan, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí ìdí rẹ̀ jẹ́ irin, sí párì mi lápá òsì, kò sì yọ mí lẹ́nu rí. Láti bí oṣù 2 sẹ́yìn, bí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni. Kò dùn mí rárá, ṣùgbọ́n ẹnu mi máa ń korò láàárọ̀, ìyàwó mi sì ní òórùn ń jáde. Dókítà mú nǹkan lábẹ́ erìgì lọ yẹ̀ wò, wọ́n ní *Porphyromonas gingivalis* àti *Fusobacterium nucleatum* ló wà níbẹ̀. Àyà mi já. Irin kì í jẹrà, kí wá ni kòkòrò ń wá níbẹ̀? Ibo ni wọ́n gbà wọlé? Mo ní oògùn apakòkòrò díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nílé, ṣé kí n lò ó? Ẹ gbà mí o, mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ eyín yìí.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kan àjẹkù oògùn yẹn. Èmi náà lò ó nígbà tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Ó rọlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó tún padà dé. Ìgbà tí wọ́n fọ ìdí rẹ̀ dáadáa, tí wọ́n sì kọ́ mi bí a ṣe ń ti búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ gba àárín eyín, ni ẹ̀jẹ̀ tó dá.

Olùtọ́jú Erìgì: Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì. Kòkòrò wọ̀nyí kì í dá gbé. Wọ́n máa ń lẹ̀ pọ̀ nínú ìdọ̀tí tó ń yọ̀, oògùn kì í sì í ráyè wọ inú rẹ̀ dáadáa. A ní láti ha á kúrò ni.

Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe irin ni wọ́n ń jẹ. Ara wa ló ń bá wọn jà, ìjà yẹn ló sì ń ba erìgì àti egungun jẹ́. Lára implant tó wà ní àlàáfíà náà, kòkòrò pọ̀ níbẹ̀. *Streptococcus* àti *Actinomyces* ló sábà máa ń kọ́kọ́ dó sí i, láàárín wákàtí díẹ̀. Wọn kì í yọni lẹ́nu. Bí ìdọ̀tí bá wá pẹ́ níbẹ̀, erìgì á wú, àpò ìdí eyín, ìyẹn àlàfo tó wà láàárín erìgì àti eyín, á jìn, ọ́síjìn ò ní dé ìsàlẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ló rọ àwọn tí kò fẹ́ ọ́síjìn lọ́rùn. *Fusobacterium* ló dà bí afárá fún wọn: ó di àwọn tó ti wà nílẹ̀ mú, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì dì mọ́ òun. Lára wọn ni *P. gingivalis*, *Tannerella forsythia* àti *Treponema denticola*, àwọn mẹ́ta tí Socransky, onímọ̀ nípa kòkòrò ẹnu, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè ní ẹgbẹ́ pupa ní 1998. Nígbà mìíràn a tún máa ń rí *Staphylococcus aureus*, tó mọ bí a ṣe ń lẹ̀ mọ́ titanium, irin tí wọ́n sábà fi ń ṣe implant.

Ṣùgbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀ lórí èsì yẹn. A máa ń rí àwọn kan náà, níwọ̀nba, lára implant tí kò ní àrùn. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé egungun ti ń dínkù? Bí erìgì nìkan ló wú, mucositis ni, ó ṣeé wò sàn pátápátá. Bí egungun bá ti ń lọ, peri-implantitis ni, ìyẹn le díẹ̀. Pé kò dùn yín kò fi hàn pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi X-ray tuntun wé ti àtijọ́.

Bàbá Àgbà: Ọmọ mi, ṣé o ń mu sìgá? Ṣúgà ńkọ́? Kí ló sì mú eyín ti tẹ́lẹ̀ lọ?

Olùbéèrè: Mi ò mu sìgá, sà, ṣúgà mi sì dára. Àrùn erìgì ló mú un lọ.

Olùtọ́jú Erìgì: Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti wá, ẹ̀gbọ́n. Kòkòrò àwọn eyín tó kù lẹ́nu ló sábà máa ń ṣí lọ bá implant. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ gbogbo ẹnu wò.

Olùbéèrè: Mo ti dé láti ọ̀dọ̀ dókítà. Ó gbé X-ray ọjọ́ tí wọ́n dé adé eyín náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òní: egungun ti fi mìlímítà 3 wálẹ̀. Eyín méjì tó wà nítòsí rẹ̀ náà ní àpò tó jìn, èmi ò sì mọ̀. Wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀. Mo ń padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 8, bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń yọ, wọ́n á ṣí erìgì láti fọ ìsàlẹ̀. Mo ti ra búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, Ìyá Ìbejì. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iwájú ni kí n ti máa tì í wọlé, àbí ẹ̀yìn?

Ìyá Ìbejì: Méjèèjì, sà. Ẹ rọra ṣe é.