Dírẹ́bà tó na ẹṣin jù ní résì kẹ̀kẹ́, ṣé fáìnì tó fún un?

Àbíkẹ́_Lafiaji

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè ni mo gbé wá fún àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ ẹṣin. Àbúrò mi ọkùnrin ń bá wọn tọ́jú ẹṣin ní Ontario ní Kánádà, òun ló máa ń fi fídíò résì ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe èyí tí jọ́kì ń jókòó sẹ́yìn ẹṣin o, èyí tí ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí dírẹ́bà á wá jókòó sórí ẹ̀, harness racing ni wọ́n ń pè é. Mo ti wá fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni.

Èyí tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ló bí mi nínú. Dírẹ́bà tó gba ipò kìíní, bí wọ́n ṣe yọ sí ọ̀nà tààrà tó kẹ́yìn báyìí ló kó okùn ìjánu méjèèjì sọ́wọ́ òsì, ló bá fọwọ́ ọ̀tún gbé pàṣán, apá ẹ̀ ń ga ju orí ẹ̀ lọ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sídìí ẹṣin, léraléra, ẹṣin yẹn ti ká etí sẹ́yìn, ó ń ju ìrù fìrìfìrì, bẹ́ẹ̀ ó ti wà níwájú tẹ́lẹ̀ o, kò sẹ́ni tó sún mọ́ ọn! Wọ́n pè é lẹ́yìn résì, wọ́n bu fáìnì lé e, wọ́n ní kó má wa ẹṣin fún ọjọ́ mélòó kan. Ó parí. Ipò kìíní ṣì jẹ́ tiẹ̀, owó sì wọlé.

Ṣé ìyà nìyẹn? Kí ló dé tí wọn ò gba ipò yẹn lọ́wọ́ ẹ̀? Àti pé kí ni òfin wọn sọ gan-an, ṣé wọ́n lè na ẹṣin ni àbí wọn ò lè nà án?

Ẹ̀gbọ́n_Ìkòyí

Àbíkẹ́, o káre tóo gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Èmi bá àwọn ẹṣin pólò ṣiṣẹ́ ní Ìkòyí pẹ́ gan-an, résì kẹ̀kẹ́ yìí náà ò sì ṣàjèjì sí mi. Lọ́pọ̀ ibi, wọ́n gbà kí dírẹ́bà mú pàṣán dání. Lábẹ́ òfin USTA, ẹgbẹ́ tó ń rí sí résì kẹ̀kẹ́ ní Amẹ́ríkà, pàṣán yẹn ò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, okùn tín-ín-rín tó wà lórí ẹ̀ ò sì gbọdọ̀ ju íǹṣì 6. Àmọ́ gígùn kọ́ ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, okùn ìjánu ni. Okùn kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ìkejì lọ́wọ́ òsì. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, dírẹ́bà ò lè gbé apá sókè kó fi gbogbo agbára nà án, ọrùn ọwọ́ àti ìgúnpá nìkan ló kù tó lè lò, torí tó bá ju apá sókè pẹ́nrẹ́n, ìjánu á fa ẹnu ẹṣin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹṣin á sì yà lọ́nà. Ontario tí àbúrò ẹ wà yẹn ti fòfin de kí wọ́n kó okùn méjèèjì sọ́wọ́ kan láti 2009. Nítorí náà ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe, kì í ṣe pé ó ṣèèṣì nà án jù, ó ti kọ́kọ́ rú òfin kí pàṣán tó balẹ̀ rárá.

Àwọn nǹkan míì tún wà tí wọn ò gbà. Wọn ò gbọdọ̀ ki pàṣán bọ abẹ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ lọ gún ẹṣin láàárín ẹsẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ yọ ẹsẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ń fi í lé kí wọ́n máa fi ta ẹṣin nípàá, èyí wọ́pọ̀ ju bóo ṣe rò lọ, kámẹ́rà iwájú kì í sì í rí i dáadáa. Tí ara ẹṣin bá lé tàbí tó bẹ́, ẹjọ́ ti dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n o, má jẹ́ kí gbogbo ariwo máa dẹ́rù bà ẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà tóo bá gbọ́ "pàà! pàà!" nínú fídíò, ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń lù kí ẹṣin lè gbọ́ ariwo, kì í ṣe ara ẹ̀.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu nípa àwọn dírẹ́bà tó ń nà á bẹ́ẹ̀ ni pé ẹṣin résì kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ já sí eré àsápajúdé. Ìrìn kan pàtó ló gbọ́dọ̀ máa sá, tó bá ti fò kúrò nínú ẹ̀, dírẹ́bà gbọ́dọ̀ fà á sẹ́yìn títí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi padà bọ̀ sípò, kí wọ́n tó ṣe tán àwọn ìyókù ti lọ. Ìran ẹṣin yìí, Standardbred, orúkọ ẹ̀ gan-an ti ara eré yẹn jáde: 1879 ni wọ́n fi lélẹ̀ pé ẹṣin tó bá lè sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 30 ló yẹ ní kíkọ sínú ìwé. Ẹṣin tí ìnira bá pọ̀ fún, ìrìn yẹn ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Dírẹ́bà tó mọṣẹ́, ohùn ẹnu àti okùn ọwọ́ ló fi ń wa ẹṣin.

BàbáTẹ́tẹ́_Mushin

Ẹ̀gbọ́n mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi, ẹ má bínú. Ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹṣin, ẹ ń sọ̀rọ̀ dírẹ́bà, àwa tá a fowó wa síbẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin kan, ohun tí mo fẹ́ ni kí dírẹ́bà yẹn sa gbogbo ipá ẹ̀ títí dé ìlà. Dírẹ́bà tó bá jókòó gẹlẹtẹ láìmi pàṣán tí wọ́n wá fi imú gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ìgboro á ní ó ti ta résì ni. Òfin tiwọn náà sọ pé kó sapá. Wọ́n á wá ní tó bá sapá jù kí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀, èmi tí mo ti kó owó mi, ṣé kí n dá a padà ni? Tàbí ẹni tó di tíkẹ́ẹ̀tì ipò kejì mú tó ti fà á ya? Ibẹ̀ ló máa di ìjà. Fáìnì yẹn tó o jàre, kí wọ́n bù ú kó pọ̀.

DókítàẸran_Agege

Bàbá Tẹ́tẹ́, ẹ kú ìsọ̀rọ̀. Èyí tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, wọ́n ti rí ojútùú ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ní résì tí jọ́kì ń gùn. Láti 2023 òfin wọn sọ pé jọ́kì lè na ẹṣin ní ìgbà 6 ní résì orí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ìgbà 7 ní èyí tí wọ́n ń fo igi. Tó bá wá fi 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé e, wọ́n á yọ ẹṣin náà kúrò nínú àbájáde, owó á kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń wò ó kì í jókòó lọ́jọ́ résì, wọ́n ti máa ń san owó tẹ́tẹ́ tán kí wọ́n tó dájọ́, bí wọ́n ṣe dé ìlà ni tẹ́tẹ́ ń tẹ̀ lé. Owó yín ò sí nínú ìjà yẹn rárá, ti olówó ẹṣin àti jọ́kì ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí résì kẹ̀kẹ́ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri?

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ara ẹṣin díẹ̀ torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé awọ ẹṣin yi, pé kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún. Irọ́ ni. Ní 2020 àwọn olùwádìí ní Australia gbé awọ ìdí ẹṣin àti awọ èèyàn sábẹ́ maikirosíkóòpù, wọ́n rí i pé ìpele òkè tí iṣan ìmọ̀lára wà nínú ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, bí iṣan yẹn ṣe pọ̀ tó nínú tèèyàn náà ló pọ̀ tó nínú tẹṣin. Ibi tí pàṣán ń bà gan-an ni wọ́n yẹ̀ wò o. Ẹṣin tí eṣinṣin kan ṣoṣo bà lé tó gbọn awọ ibẹ̀ nìkan pẹ́rẹ́, ẹ ti rí i rí ní etíkun, ẹran tó mọ̀ pé eṣinṣin bà lé òun ni wọ́n ń sọ pé kò mọ pàṣán.

Pé pàṣán ń mú un yára ńkọ́? Ìwádìí kan láti Yunifásítì Sydney ní 2011 wo ìparí résì jọ́kì, kò rí i pé nínà ló jẹ́ kí ẹṣin gba ipò, ibi tí wọ́n ti sáré jù gan-an, wọn ò tíì máa nà wọ́n níbẹ̀. Ní 2020 wọ́n tún fi résì tí wọn ò ti lo pàṣán wé èyí tí wọ́n ti lò ó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, résì 126, kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú eré, kò sì sí nínú bí ẹṣin ṣe ń lọ tààrà. Ní Norway láti 1982 jọ́kì ò lè na ẹṣin torí kó lè yára, wọ́n ṣì ń sá résì níbẹ̀ dòní.

Australia náà kéde ní December 2016 pé pàṣán máa kúrò nínú résì kẹ̀kẹ́ pátápátá láti September 2017. Ọjọ́ yẹn pé, wọn ò ṣe é, àwọn dírẹ́bà àti tírénà, ìyẹn àwọn tó ń kọ́ ẹṣin, ta kú, wọ́n kàn dín bí wọ́n ṣe lè lò ó kù ni. Ó dùn mí gan-an.

Àbíkẹ́_Lafiaji

Dókítà, ẹ ṣeun gan-an ni, ọ̀rọ̀ eṣinṣin yẹn wọ̀ mí lára.

Bàbá Tẹ́tẹ́, ẹ ní kí wọ́n bu fáìnì kó pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àbúrò mi ní lọ́dọ̀ wọn, dírẹ́bà ló ń gba 5% nínú owó tí ẹṣin bá jẹ, tírénà náà 5%. Ẹ mú Hambletonian, résì ńlá tó ti wà láti 1926 tí wọ́n ń sá ní Meadowlands ní New Jersey báyìí. Tí owó ẹ̀ bá jẹ́ mílíọ̀nù kan dọ́là, ẹni tó gba ipò kìíní á kó ìdajì, $500,000, ti dírẹ́bà nínú ẹ̀ á jẹ́ $25,000. Ká ní wọ́n bu fáìnì $1,000 lé e, $24,000 ṣì wà lápò ẹ̀. Ìyẹn ò yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì téèyàn san kó tó wọlé. Kò sí bí fáìnì ṣe lè pọ̀ tó tí ipò kìíní bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, àfi tí wọ́n bá gba gbogbo ìpín ẹ̀ nínú résì yẹn. Tírénà àti ẹni tó ni ẹṣin náà ńkọ́, àwọn tí ò mú pàṣán dání àmọ́ tí wọ́n jẹ lára ẹ̀?

Lọ́yà_Yábà

Ẹ ò jìnnà sí òtítọ́ rárá àǹtí Àbíkẹ́. Wọ́n dán irú ẹ̀ wò rí. Ní October 2011 ní Ascot, pápá résì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jọ́kì ọmọ Belgium tó ń jẹ́ Christophe Soumillon gun ẹṣin tó ń jẹ́ Cirrus des Aigles, wọ́n gba résì Champion Stakes, ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi na ẹṣin ju iye tí òfin ìgbà yẹn fún un lọ. Wọ́n ní ìpín ẹ̀ tó lé ní £50,000 ti lọ nìyẹn. Ariwo sọ, wọ́n sì tún òfin yẹn ṣe kí oṣù yẹn tó parí. Ojú tí mo fi ń wò ó ni pé ariwo yẹn gan-an ló fi hàn pé ìyà ọ̀hún wọ̀ wọ́n lára. Kò sí ẹni tó ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí fáìnì.

Ohun kejì tí ẹ ní láti mọ̀, dírẹ́bà tí wọ́n bá dá dúró ní Ontario lè pẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ Horse Racing Appeal Panel. Ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni, mi ò bá a jà. Àmọ́ ó tún lè bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìyà náà dúró ná títí wọ́n á fi gbọ́ ẹjọ́, tí wọ́n bá gbà fún un, á máa wa ẹṣin ẹ̀ lọ. Ẹ wo ibi tí fáìnì àti ìdádúró ti ń di yẹpẹrẹ.

Ilé wa ńbí ńkọ́? Abala 495 nínú Criminal Code wa sọ pé ẹni tó bá na ẹran ní ìnà ìkà, tó gùn ún jù, tó dẹrù pa á, ẹ̀wọ̀n oṣù 6 tàbí fáìnì ₦50. Àádọ́ta náírà! Owó píọ̀ wọ́tà kan ni wọ́n fi dí ẹ̀mí ẹran. Àwọn ẹṣin tí wọ́n ń fi gbé àwọn ọmọ wa kiri ní Ẹlẹ́gùshì lọ́jọ́ Àjíǹde, nínú oòrùn, lórí iyanrìn, ọmọ tó mú ìjánu dání tún ń fi kòbókò kékeré ta á lẹ́sẹ̀ kó lè tètè yí po torí kọ́sítọ́mà míì ń dúró, ta ló ń bá wọn wí? Ìlú tó ní Race Course tẹ́lẹ̀ nìyí o, TBS tí a ń kọjá lójoojúmọ́ yìí, ẹṣin funfun mẹ́rin ló wà lókè géètì ẹ̀.

BàbáTẹ́tẹ́_Mushin

Tó bá jẹ́ pé wọ́n á san owó tẹ́tẹ́ kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ dírẹ́bà, èmi ò ní ìjà kankan mọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n fi iye kan sílẹ̀ tí gbogbo èèyàn lè kà lójú fídíò, kí adájọ́ kan má máa wí tibí kí èkejì máa wí tọ̀hún. Ohun tó ń bí àwa nínú nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n_Ìkòyí

Bàbá Tẹ́tẹ́, ẹ ṣeun, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àbíkẹ́, nípa tírénà tóo bi wá: kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun náà, ká má fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Dírẹ́bà ò ní ẹṣin, ẹni tó bá gbé ẹṣin fún un lónìí lè má gbé e fún un lọ́la tí kò bá nà án. Tí owó tírénà àti olówó ẹṣin bá wà nínú ewu, àwọn fúnra wọn ló máa kìlọ̀ fún un kó tó jáde. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dírẹ́bà lọ́wọ́ ń wo ẹni tó gbé owó lọ sílé àti bó ṣe rí i.

Iṣẹ́ kan wà tí àbúrò ẹ lè ṣe. Àwọn tó ń tọ́jú ẹṣin ló ń tú gbogbo okùn kúrò lára ẹ̀ tí résì bá parí, àwọn ló sì ń wẹ̀ ẹ́. Ibi tí pàṣán bà máa ń wú, àmọ́ nínú òógùn àti omi èèyàn ò ní tètè rí i, àfi kó fi àtẹ́lẹwọ́ ra á látòkè wá sísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí àti abẹ́ itan, irun ibẹ̀ á dúró ṣánṣán, ara ẹ̀ á sì gbóná ju ìyókù lọ. Tó bá ti kan irú ẹ̀, kó pe dókítà ẹran àwọn aláṣẹ résì wá wò ó kó tó bu omi sí i, kó má dúró dọ̀la. Kó ya fọ́tò ẹ̀ tí wọ́n bá gbà á láyè. Kó sì kọ aago tó rí i sílẹ̀.

Àbíkẹ́_Lafiaji

Ẹ̀gbọ́n mo ti da ọ̀rọ̀ yín kọ ránṣẹ́ sí i báyìí báyìí. Ó ní òun ń bẹ̀rù pé tírénà á lé òun níṣẹ́ tóun bá pe dókítà. Ṣé ọ̀nà kankan wà tó fi lè sọ ọ́ láì jẹ́ pé wọ́n mọ̀ pé òun ni?

Lọ́yà_Yábà

AGCO ló ń bójú tó résì ẹṣin ní Ontario láti 2016. Kó pè wọ́n tààrà, kó bi wọ́n kó tó sọ nǹkan kan bóyá wọ́n á bo orúkọ òun, kó gbọ́ ìdáhùn wọn ná. Ẹ ní kó má sọ ọ́ lórí WhatsApp àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ o.