Ìgbà wo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í múra fún GMAT tàbí GRE?

Àkànbí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹta ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná, ọdún tó ń bọ̀ ni màá jáde. Ọkàn mi wà lára MBA, oyè gíga nínú ìṣàkóso òwò, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń béèrè máàkì ìdánwò GMAT tàbí GRE fún. Àwọn kan ní kíláàsì wa ti gbé ìwé GMAT sọ́wọ́ láti ọdún kìíní, àwọn mìíràn ní kí n fi í sílẹ̀ títí màá fi ríṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo gan-an ló yẹ kí n bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, o ṣeun tí o tètè béèrè. Ìmọ̀ ẹ̀rọ lèmi náà kà kí n tó lọ ṣe MBA, mo sì máa ń bá àwọn ọmọ wa múra fún ìdánwò yìí. Ìsinmi gígùn tó ṣáájú ọdún àṣejáde ni kí o fi kàwé gidi. Jókòó ṣe ìdánwò náà kí project tó wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọdún 5 ni máàkì GMAT tàbí GRE fi ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló fẹ́ kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ ọdún mélòó kan kó tó wá ṣe MBA. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò ní ọdún kejì, tó jáde, tó wá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́rin, máàkì rẹ̀ á ti kú kó tó kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tó ṣe é ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún àṣejáde á ṣì rí i lò. Èèyàn lè ṣe é lẹ́yìn tó bá ríṣẹ́, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ènìyàn ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ kó tún máa ka Critical Reasoning (ìbéèrè lórí bóyá àríyànjiyàn kan lẹ́sẹ̀ nílẹ̀), agbára káká ni.

Ohun kan tún wà tó ń dùn mí pé àwọn ọmọ wa kì í tètè gbọ́. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣejáde sílẹ̀ de MBA. 2+2 ni Harvard ń pe tiwọn. Stanford, Wharton àti Columbia náà ní irú rẹ̀. Ìgbà tí o ṣì wà nílé ìwé lo máa kọ fọ́ọ̀mù. Tí Harvard bá gbà ọ́, wọ́n á ní kí o lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì sí mẹ́rin kí o tó wá. Oṣù kẹrin ni fọ́ọ̀mù 2+2 sábà máa ń parí, èyí tó túmọ̀ sí pé máàkì ti gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ ṣáájú ìgbà náà. Ẹni tó bá gbọ́ nípa rẹ̀ lẹ́yìn tó ti jáde, tó sì ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ti tì.

Dáúdù:
Mo wà lẹ́yìn Ìyá Ìbejì. Àmọ́ Àkànbí, báwo ni CGPA rẹ? Tó bá ń mì, gbé GMAT sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. O lè tún GMAT ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 16, títí dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún láàárín oṣù 12. Ti GRE, ọjọ́ 21. Máàkì ilé ìwé tó bà jẹ́ ní ọdún kẹta kò ní àtúnṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ á sì wò ó.

Àkànbí:
CGPA mi dúró dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣé. Ṣé ó máa gbà mí tó oṣù mẹ́ta báyìí? Mo mọ ìṣirò dáadáa. Èwo ni kí n sì mú nínú méjèèjì?

Ìyá Ìbejì:
Ìṣirò tí o gbójú lé yẹn ni mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ lé. Apá mẹ́ta ni GMAT ní báyìí, ìṣẹ́jú 45 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan: Quant (ìṣirò) ní ìbéèrè 21, Verbal (àyọkà àti ìrònú ní Gẹ̀ẹ́sì) 23, Data Insights (ìtúmọ̀ dátà àti àtẹ) 20. Ọgbọọgba ni wọ́n fi ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú máàkì àpapọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta péré ni Quant jẹ́ níbẹ̀, kò sì sí calculus nínú rẹ̀ rárá. Ìpín, ìdá ọgọ́rùn-ún, ìwà nọ́ńbà àti ìṣirò inú ìtàn ni wọ́n ń béèrè, kò sì sí kalikulétọ̀. Ó ju ìṣẹ́jú méjì lọ díẹ̀ lo ní fún ìbéèrè kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ń fi kalikulétọ̀ ṣe ohun gbogbo láti ọdún kìíní gbọ́dọ̀ tún ọwọ́ rẹ̀ kọ́.

Data Insights ní kalikulétọ̀, àmọ́ Data Sufficiency wà níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi ọ́ ni bóyá àlàyé tí wọ́n fún ọ tó láti rí ìdáhùn. Àwa enjiníà kì í lè dúró níbẹ̀: a fẹ́ yanjú ìṣirò náà délẹ̀, a fẹ́ rí nọ́ńbà. Àkókò á ti lọ. Mo ti rí àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò ju mí lọ tí ibẹ̀ yẹn ń dá dúró, àfìgbà tí wọ́n kọ́ láti gbé bírò sílẹ̀ ní kété tí wọ́n bá ti rí i pé àlàyé náà tó.

Verbal lo gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kódà kó tó di ìsinmi. Kò sí gírámà nínú rẹ̀ mọ́. Àyọkà àti Critical Reasoning ló kù. Kò ṣeé há sórí láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Máa ka àròkọ gígùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, lórí ohun tí kì í ṣe ìmọ̀ ẹ̀rọ: ìtàn, ọrọ̀ ajé, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Bi ara rẹ pé kí ni òǹkọ̀wé ń jà fún, kí ló fi ṣe ẹ̀rí, kí ló gbà pé òótọ́ ni láìsọ ọ́.

GRE ní tirẹ̀ ní geometry, ó ní kalikulétọ̀ nínú ìṣirò, ó ní àròkọ kan fún ìṣẹ́jú 30, ó sì fẹ́ kí o mọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ gan-an. Tí ọkàn rẹ bá ṣì pín láàárín MBA àti master's nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, GRE ni màá yàn fún ọ, torí ó lè ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Tó bá jẹ́ MBA nìkan, ṣe ìdánwò àfidánrawò kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìsinmi, kí o tó ra ìwé kankan. Méjì wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní mba.com fún GMAT, ETS, àwọn tó ń ṣe GRE, náà ní méjì lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó bá bá ọ lára mu ni kí o mú.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin á tó ọ. Ní ìwé kékeré kan tí o máa kọ gbogbo ìbéèrè tí o kùnà sí, àti ìdí tí o fi kùnà, kì í ṣe ìdáhùn nìkan. Fi ọjọ́ ìdánwò síbi tí àyè á ṣì wà fún ẹ̀ẹ̀kejì kí fọ́ọ̀mù tó parí.

Àkànbí:
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Verbal máa bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní. Màá ṣe àfidánrawò méjèèjì tí a bá ti gba ìsinmi, màá sì mú èsì wá síbí.

Dáúdù:
Kí o tó sanwó, yọ páàsìpọ́ọ̀tù rẹ wò. Orúkọ tí o máa fi sílẹ̀ fún ìdánwò gbọ́dọ̀ bá tinú rẹ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ní orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin, tí ilé ìwé ń lo méjì níbẹ̀. Tí wọn ò bá bára mu, wọ́n lè dá ọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Rí i pẹ̀lú pé páàsìpọ́ọ̀tù náà kò ní parí kó tó di ọjọ́ ìdánwò.