Èsì: «Ìyìnwòrán» àti «kòkòrò dírágónì» kò tọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kí yín o.

Àbúrò wa tó kó fọ́tò ọgbà ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìkirè ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ wú mi lórí. Ewúro tó rúwé lẹ́yìn òjò, ìgbín lára ìkòkò, alángbá lórí ògiri, gbogbo rẹ̀ mọ́ kedere. Ọ̀rọ̀ tó kọ sábẹ́ wọn ni mi ò lè gbé mì. Ó ní «ìyìnwòrán» ni ká máa pe fọ́tò yíyà, torí pé bí ẹni tó yìnbọn ni Òyìnbó ṣe ń sọ ọ́. Ó pe lámilámi ní «kòkòrò dírágónì», torí pé «dragonfly» ni Òyìnbó ń pè é. Ó sì ní òun fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi.

Ẹ jẹ́ ká mú «yìn» yẹn. Yìn ti ìbọn kì í dá rìn. À ń sọ pé ó yìnbọn, tàbí ó yìn ín níbọn. Bí ẹ bá yọ ìbọn kúrò, èyí tí a fi ń yin Ọlọ́run ló ṣẹ́kù. Ta ni yóò gbọ́ «ìyìnwòrán» tí kò ní rò pé àwòrán la fẹ́ máa yìn? Iṣẹ́ fọ́tò kì í sì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. Ọdún 1895 ni George Da Costa fi iṣẹ́ ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nárì CMS sílẹ̀ l'Ékòó, tó di oníṣẹ́ fọ́tò. Gbogbo ilé tí fọ́tò bàbá àgbà wà lára ògiri ló mọ̀ pé yíyà ni wọ́n yà á. Bó bá jẹ́ orúkọ fún fọ́tò tí a sún mọ́ kòkòrò pẹ́kípẹ́kí kí a tó yà ló ń wá, àsúnmọ́yà wà ńlẹ̀, ó bá àwòkọ́ṣe àti àdàkọ mu.

Ọ̀mọ̀wé tó fèsì lọ́jọ́rú ní «là omi» ló di lámilámi, torí pé ó ń la omi kọjá. Mo bọ̀wọ̀ fún oyè wọn, àmọ́ ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ a máa di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ: gbà, gbowó. Bó bá jẹ́ là ni, lamilami là bá máa pè é. Lá olóhùn òkè ni, lá tí a fi ń lá ọbẹ̀. Ẹ tún fọ́tò àbúrò wa wò dáadáa: lámilámi náà dúró lókè abọ́ omi, ó tẹ ìrù gígùn yẹn wálẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ kan omi, ìgbì kékeré sì yí i ká. Ẹyin ló ń yé. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rí i tó kan omi, tó gbéra, tó tún kàn án, wọ́n ní ó ń lá omi, ó ń lá omi. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin yẹn, inú omi ni yóò gbé, yóò máa jẹ tanwíjí. Ibo ni dírágónì ti wọ̀ ọ́?

Arábìnrin kan ní ohun tuntun kò lè ní orúkọ tó dára láìtẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ gbà mí láyè kí n fi patanmọ́ dáhùn. Kì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa láti ìpilẹ̀, ìhà Gúúsù àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ló ti wá. Àwọn àgbà fọwọ́ kan àlejò yìí, omi sá kúrò ní oríkèé ewé rẹ̀, ewé pa dé, wọ́n ní: pa itan mọ́. Wọn ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá tó bí bàbá mi a máa nawọ́ sí i bí ọmọbìnrin kan bá ya ẹsẹ̀ jókòó, ọmọ náà a sì tún ara ṣe kíá láìsí pé màmá sọ̀rọ̀. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni mò ń fẹ́.

Ẹni tó sì ń kọ ọ́ ní «patọnmọ́», ẹ jọ̀ọ́, itan ni, kì í ṣe itọn. Ẹ̀yìn b, f, gb, p àti w ni ọn ń wà. Lẹ́yìn t, an ni.

Ẹlòmíì bèèrè ẹni tó fi mí jẹ adájọ́. Iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọwọ́ àwọn tó dàgbà jù mí lọ ni mo sì ti gba ohun tí mò ń sọ. Ará Ìjẹ̀bú tó ní agẹmọ nìkan ló tọ́ ká máa pe ẹranko tó ń pa àwọ̀ dà, ẹ fi ọ̀gà sílẹ̀ fún wa ní Ọ̀yọ́, a ò bá yín du agẹmọ yín.

Àbúrò, fọ́tò kẹrin, ti ẹranko yẹn, èyí tí ojú ọ̀tún rẹ̀ ń wo kámẹ́rà tí tòsì ń wo ẹ̀yìn, òun ló dára jù. O kọ «Ọ̀gá lórí ewé» sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ni ẹni tó ń paṣẹ fún ni níbi iṣẹ́. Ọ̀gà ni kí o kọ, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì. Tún un ṣe, kí o sì fi lámilámi sípò rẹ̀, kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé.