Ṣé kí n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù ASUSS àbí kí n jókòó sí NUT?

Àǹtí Bàólójì: Ẹ káalẹ́ o. Sẹ́kọ́ńdírì ìjọba ni mo ti ń kọ́ni ní Ìkòròdú níbí, oṣù tó kọjá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo pésílíìpù mi dáadáa, àṣé wọ́n ti ń yọ owó NUT, ẹgbẹ́ àwọn tíṣà Nàìjíríà, látìgbà tí mo ti wọṣẹ́. Ní báyìí bọ̀ọ̀dá kan ti gbé fọ́ọ̀mù ASUSS, ẹgbẹ́ tíṣà mìíràn, wá sí stáfúrúùmù, ó ní ti àwa sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn, pé àwọn tíṣà pírámárì ló ni NUT. Ọkọ mi ní kí n má dá sí i. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni kí wọ́n má lọ máa yọ owó méjèèjì, kí pírínsípà náà má wá máa kanra mọ́ mi. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Ìbejì: Irọ́ ni pé tíṣà pírámárì ló ni NUT o! 1931 ni wọ́n dá NUT sílẹ̀, Ransome-Kuti bàbá Fẹlá tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́, pírínsípà sẹ́kọ́ńdírì ni l'Ìjẹ̀bú-Òde nígbà yẹn. Ohun táwọn ASUSS ń sọ ni pé àwọn pírámárì pọ̀ jù wá lọ, wọ́n fi ń bo ohùn wa mọ́lẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀, òótọ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ṣàbó: Àǹtí, Labour Act, òfin iṣẹ́, ló ní kí wọ́n máa yọ owó ẹgbẹ́, òfin yẹn kan náà ló sọ pé tẹ́ ẹ bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ò fẹ́, kí wọ́n dá a dúró. Ẹ má fẹnu sọ ọ́ o! Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ mú un dé ọ́fíìsì district ètò ẹ̀kọ́ wa ní Maryland, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kọ́pì tiyín, ẹ tọ́jú ẹ̀. Ti pírínsípà ẹ fọkàn balẹ̀, òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 2005 ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fìyà jẹ yín torí pé ẹ kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ kan tàbí láti dúró nínú ẹ̀.

Tíṣà Práífétì: Ẹ̀yin tiẹ̀ ń rí méjì ṣà 😂 àwa ń kọ́?

Màmá Rìtáyà: Ọmọ mi, lọ́jọ́ tí kúẹ́rì, ìwé pé kó o wá wí tẹnu ẹ, bá dé, ta ló máa tẹ̀ lé ẹ lọ? Béèrè ìyẹn lọ́wọ́ àwọn méjèèjì kó o tó kúrò níbi kan. NUT wà lára àwọn tó jà fún kí tíṣà máa fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọdún 65, tí wọ́n sọ di òfin ní 2022, ìyẹn ò kéré.

Àǹtí Bàólójì: Ẹ ṣé mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni, ó wà níbẹ̀ pé mo gbà kí wọ́n máa yọ owó.

Ọmọ Ṣàbó: Ẹn-ẹ́n! Ẹ má tíì fọwọ́ sí i. Ẹ kọ́kọ́ kọ lẹ́tà yẹn ná.