Àwòrán inú ẹyinjú ni kò jẹ́ kí n dá oògùn dúró láìtọ́jọ́

Ìrírí tèmi rèé, ẹ̀yin ará. Ní ọdún 2021, ojú ọ̀tún mi ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í ríran bàìbàì, àwọn nǹkan dúdú wínníwínní sì ń fò kiri níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí kantíkantí bá yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù ká. Ojú náà pọ́n díẹ̀, nítorí náà mo gbà pé Àpólò ni, mo ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì, mo sì fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣòfò.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú ní Ìbàdàn, wọ́n kán oògùn tó ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ sí i fún mi, wọ́n sì ya àwòrán rẹ́tínà mi, ìyẹn awọ tín-ín-rín tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Àwòrán àkọ́kọ́ dà bí iná mọ́tò tó ń bọ̀ nínú kùrukùru òwúrọ̀. Omi kíki inú ẹyinjú tó ti dàrú ni kùrukùru náà, egbò sì ni funfun tó ń tàn láàárín rẹ̀. Àpá dúdú àtijọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò yìí, òun ló sì bà mí lọ́kàn jẹ́ jù, nítorí ó fi hàn pé kòkòrò Toxoplasma, tó máa ń gba inú ẹran tí kò jinná tàbí ìgbẹ́ ológbò wọ ara ènìyàn, ti bá ojú mi jà rí láìjẹ́ pé mo mọ̀.

Wọ́n fún mi ní Septrin, oògùn tó ń bá kòkòrò náà jà. Ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n tó fi prednisolone, oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, kún un, torí pé bí a bá lo prednisolone nìkan láìsí oògùn tó ń bá kòkòrò jà, egbò náà lè ràn.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ti ń ka Bíbélì mi padà, mo sì pinnu láti dá oògùn dúró. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé àwòrán tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà, etí egbò náà kò tíì hàn ketekete, ẹ̀rọ OCT, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣàfihàn ìpele inú rẹ́tínà bí ìgbà tí a bá la búrẹ́dì sí méjì, sì fi hàn pé ibẹ̀ ṣì wú. Kùrukùru ló ti ká tí mo fi ń ríran. Egbò kò tíì jinná. Ọ̀sẹ̀ keje ni awọ ibẹ̀ tó fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ dúdú sì yí etí rẹ̀ ká, ìyẹn ni pé egbò ti di àpá. Àwọn kantíkantí náà kò tán o, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ nítorí mo ti fojú ara mi rí i pé àrùn náà ti dákẹ́.

Mo tọ́jú gbogbo àwòrán náà sínú fóònù mi. Nígbà tí mo kó lọ sí Èkó, òun ni dókítà tuntun kọ́kọ́ béèrè, òun ló sì fi mọ̀ pé àpá tí òun ń wò kì í ṣe egbò tuntun.