Tírélà kékeré tí Hilux ń fà: báwo ni a ṣe lè sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà?

Wẹ́dà Ọ̀nà Oko:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Tírélà kékeré tòkunbọ̀ kan wà tí mo fẹ́ rà, irú èyí tó ní ògiri àti òrùlé bí àpótí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ 6, axle (irin tó so táyà méjèèjì pọ̀) kan ló ní, 3,500 lbs ni wọ́n kọ sára axle náà. Mo fẹ́ máa fi Hilux fà á lọ síbi iṣẹ́: géètì, irin ojú fèrèsé, ìdúró táǹkì omi, àti ẹ̀rọ oko tó bá ṣẹ́ lọ́nà Ọ̀yọ́ sí Ìṣẹ́yìn.

Inverter 200A (ẹ̀rọ tí a fi ń jó irin), jẹnẹrétọ̀ 3.5 kVA, sílíńdà ọ́síjìn kan àti ti àsẹ́tílìn kan, ẹ̀rọ filing méjì, fáìsì àti tábìlì irin 10 mm ló wà nílẹ̀. Mo rò ó pé kí tábìlì wà láàárín, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kí n lè máa jó irin nínú ibẹ̀ bí òjò bá ń rọ̀. Kí ni kí n yí padà?

Àgbà Irin:
Àbúrò, gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn jáde ná. Carbon monoxide tó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ká ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kò tó láti lé e jáde. Orí irin onígun mẹ́ta iwájú, níbi tí a ti ń so tírélà mọ́ Hilux, ni ipò rẹ̀. Fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, fi irin ṣe kéèjì yí i ká, kí ẹnu sàléńsà kọ ẹ̀yìn sí àpótí. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò náà kò gbọdọ̀ wọlé.

3.5 kVA kò sì tó. Ó lè jó electrode (ọ̀pá tó ń yọ́ láti lẹ irin pọ̀) gauge 12, ìyẹn 2.5 mm, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìnira ni. Gauge 10 máa ń fẹ́ 120 sí 130A. 130A lórí fólítì 25 ti jẹ́ 3.25 kW lẹ́nu electrode. Tí a bá ka ohun tí inverter ń fi ṣòfò àti power factor rẹ̀ mọ́ ọn, ohun tó máa fà lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ á tó 5.5 kVA. Wá 7.5 kVA. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kéré, iná á máa kú lẹ́nu electrode, wẹ́dà á máa bú electrode pé ayédèrú ni.

Onítáyà Mẹ́rin:
Ọ̀gá, ẹ má wo axle nìkan. Ẹ wo páànù kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú rẹ̀, GVWR ni kí ẹ kà, ìyẹn ìwọ̀n tí tírélà àti ẹrù rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Púpọ̀ nínú irú tírélà yìí, 2,990 lbs ni wọ́n kọ síbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé axle rẹ̀ jẹ́ 3,500. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bí 1,356 kg, àti ẹrù àti tírélà fúnra rẹ̀. Tó bá ṣófo, ó máa ń wọn 500 sí 600 kg. Ẹrù tí ẹ lè kó kò ju 750 sí 850 kg lọ.

Nínú gbogbo ìwọ̀n tírélà àti ẹrù, ìdá 10 sí 15 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́ọ̀lù irin tí a fi ń so tírélà mọ́ ẹ̀yìn Hilux. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ 1,200 kg, 120 sí 180 kg nìyẹn. Tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, tírélà á máa ju ìrù sọ́tùn-ún sósì lórí eré, á sì gbé ìdí Hilux sókè. Jẹnẹrétọ̀ níwájú á ràn yín lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó lè pọ̀ jù náà, nítorí náà ẹ gbé ẹnu tírélà lé ìwọ̀n oníṣòwò irúgbìn lẹ́yìn tí ẹ bá ti to ẹrù tán.

Tábìlì 10 mm yẹn, tó bá jẹ́ mítà 1.2 sí 0.6, ojú rẹ̀ nìkan jẹ́ 56 kg. 6 mm jẹ́ 34 kg, ó sì tó fún géètì. Ẹ fi ìnsì (irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí) so ó mọ́ ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn kó lè máa ṣí síta, ẹsẹ̀ méjì á sì máa dúró lórí ilẹ̀.

Wẹ́dà Ọ̀nà Oko:
Ẹ ṣé gan-an ni o. Tábìlì bọ́ síta, òjò wá ńkọ́? Bí mo bá fi fáànù sórí òrùlé, ṣé n kò lè jó irin nínú rẹ̀?

Àgbà Irin:
Má ṣe é. Fáànù òrùlé á fa èéfín gba ojú rẹ kọjá kó tó jáde ni. Páìpù gálífánáìsì tilẹ̀ burú jù, èéfín síǹkì inú rẹ̀ á fún ọ ní ibà àti òtútù lálẹ́. Fi filing họ ojú rẹ̀ kúrò ní ìwọ̀n ìka méjì síbi tí o fẹ́ jó. Ilẹ̀ pílíwúùdù náà ń gba iná: ìdàrọ́ tó já bọ́ sí àlàfo pákó lè máa jó lábẹ́ títí o fi ti ilẹ̀kùn lọ sílé. Tẹ́ páànù 2 mm sórí rẹ̀, kó bo dé ìdí ògiri.

Ti òjò ńkọ́? Fólítì 60 sí 80 ló wà lẹ́nu electrode nígbà tí o kò tíì jó nǹkan kan. Ìwọ tí òógùn bò, tó dúró lórí irin, tí irin yí ká, ara rẹ ni wáyà. Na tapólì síta lórí òpó, kó ga kúrò lọ́dọ̀ iná, kí ẹsẹ̀ rẹ wà lórí pákó gbígbẹ. Bí òjò bá wá pẹ̀lú ìjì, dá iṣẹ́ dúró.

Klámpù earth, èyí tó ń dá iná padà sí inverter: ara irin tí ò ń jó ni kó máa wà, kì í ṣe ara tírélà. Bí o bá fi sára tírélà, ojú ìnsì tábìlì ni iná á gbà kọjá, á sì jó ìnsì lẹ̀ mọ́ra.

Gáàsì Kì í Ṣeré:
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti sílíńdà. Ẹ kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù irin sí ara ògiri níta, kí ihò wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, kó má ṣe ní ọ̀nà kankan tó wọ inú àpótí. Ẹ jẹ́ kí sílíńdà dúró ṣánṣán, kí ẹ fi ṣéènì dè é níbi méjì. Ẹ tú regulétọ̀ (ohun tó ń dín agbára gáàsì kù) kúrò kí ẹ tó gbéra, kí ẹ dé fìlà sílíńdà. Bí àsẹ́tílìn bá dùbúlẹ̀, acetone, omi tí gáàsì náà yọ́ sí nínú rẹ̀, á máa bá gáàsì jáde, nítorí náà ẹ gbé e dúró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó ṣí i. Kí agbára tí àsẹ́tílìn fi ń jáde má kọjá 15 psi. Ọwọ́ tó ní gírísì kò gbọ́dọ̀ kan ojú ọ́síjìn.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ gbé kábáìdì dípò rẹ̀ torí ó dínwó. Ẹ ṣírò ọ̀rọ̀ náà: kábáìdì 1 kg tí omi bá kàn máa ń mú àsẹ́tílìn bí 300 lítà wá. Inú tírélà yín gba bí 12,000 lítà afẹ́fẹ́. Ìdá 2.5 nínú 100 ni àsẹ́tílìn fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í bú, ìyẹn 300 lítà gan-an. Òrùlé tó ń jò díẹ̀ ti tó.

Onítáyà Mẹ́rin:
Mo fẹ́ fi kún ti wáyà. Kébù tó ń lọ sọ́wọ́ electrode, 25 mm² tó fún 130A títí mítà 15. Wáyà láti jẹnẹrétọ̀, 4 mm² ni kí ẹ lò; 1.5 mm² tó gùn ní 30 mítà á jẹ fólítì 17 lórí 25A, bí ẹ bá sì fi í sílẹ̀ ní kíká, rọ́bà rẹ̀ á yọ́. ELCB 30 mA, ẹ̀rọ tó ń já iná bí iná bá ń jò, kò ṣeé fò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ fi òkúta sẹ́yìn táyà, kí ẹ sọ jáàkì mẹ́rin kalẹ̀ ní igun mẹ́rin.

Àgbà Irin:
Electrode 7018 tirẹ ńkọ́? Fíríìjì tó ti kú, tí a fi gílóòbù 60W sínú rẹ̀, dára fún electrode 6013 lásìkò òjò, ṣùgbọ́n 7018 tó bá ti fa omi kò ní gbẹ nínú ìyẹn, ó fẹ́ nǹkan bí 300°C fún wákàtí kan. Páálí tí o bá máa lò lọ́jọ́ kan ni kó o ṣí. Sílíńdà ìpaná onípáúdà 6 kg, ẹnu ọ̀nà ni kó o gbé e kọ́, kì í ṣe ìsàlẹ̀ inú lọ́hùn-ún.