Ọkọ̀ onígbòkun tòkunbọ̀ l'Ábújá: tírélà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè nípa ọkọ̀ onígbòkun tòkunbọ̀, ẹ fi ara tó ń dán sílẹ̀ ná. Tírélà kékeré tó gbé e, èyí tí jíìpù máa ń fà, ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò. Láti Àpápá l'Ékòó dé adágún Jabi l'Ábújá lé ní 700 kìlómítà, ẹ sì mọ bí ọ̀nà Lọ́kọ́ja ṣe rí. Ojú títì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ omi ti ń kú.

Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára táyà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀: 2318 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2018. Tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó tilẹ̀ dà bí tuntun. Táyà tírélà kì í rìn tó láti jẹ. Oòrùn ló ń là á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ fọwọ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Tó bá ń kùn, tàbí tó ń mì sọ́tùn-ún sósì, bíárìn ti lọ. Mẹkáníìkì èyíkéyìí ní Apo l'Ábújá lè tú u: kó fi kẹrosíìnì fọ gírísì àtijọ́ kúrò, kó pààrọ̀ síìlì ẹ̀yìn, kó wá ki gírísì tí omi kì í tètè ṣí sínú bíárìn. Kó má kàn pa á léréfèé o! Nọ́ńbà wà lára bíárìn náà. Òun ni wọ́n ń wò lọ́jà.

Ti ẹrù náà tún wà níbẹ̀. Bí ọkọ̀ àti tírélà bá jẹ́ 900 kílò, nǹkan bí 90 kílò ló yẹ kó tẹ ìkọ́ ìdí jíìpù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tírélà á máa jùrù tí ẹ bá ti ń sáré, ó sì lè dojú jíìpù dé. Ẹ sún ọkọ̀ síwájú díẹ̀ lórí rẹ̀.

Tí ẹ bá dé etí omi, ẹ fọwọ́ kan ibi tí bíárìn wà. Tó bá ṣì gbóná, ẹ dúró kó tutù. Bí irin gbígbóná bá kan omi lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọ inú gírísì. Bí ẹ ṣe ń dúró, ẹ gbójú sókè wo wáyà iná kí ẹ tó gbé òpó ìgbòkun nàró.

*

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ara ọkọ̀ kún un. Fáíbà kì í jẹrà, àmọ́ igi máa ń wà láàárín ìpele fáíbà méjì níbi tí a ń tẹ̀. Ẹ fi ìdí sípánà kàn án pẹ̀lẹ́. Ibi tó le á dún kó-kó. Ibi tí omi ti bà jẹ́ á dún bù-bù bí iṣu tó rà. Ìdí òpó àti ẹ̀gbẹ́ àwọn bóòtù (irin tí wọ́n fi ń de nǹkan mọ́ ara ọkọ̀) ló máa ń kọ́kọ́ lọ, torí gọ́ọ̀mù ibẹ̀ ń gbẹ, omi á sì gba ojú ihò wọlé.

Wáyà tó di òpó mú, òwú ni kí ẹ fi nù ún látòkè délẹ̀, ẹ má fọwọ́. Bí òwú bá há síbì kan, fọ́nrán kan ti já. Ẹ pààrọ̀ wáyà náà, ẹ má so ó.

*

Ti ìjì ni èmi fẹ́ sọ. Lóṣù kẹta sí ìkarùn-ún, láti ìlà-oòrùn ló máa ń wá. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ kú, eruku á dìde, á wá ya lù yín. Bí ẹ bá ti rí i pé atẹ́gùn kú tí ìlà-oòrùn sì dúdú, ẹ sọ ìgbòkun kalẹ̀ pátá. Ẹ ju ìdákọ̀ró sómi, kí okùn rẹ̀ gùn tó ìlọ́po méje jíjìn omi.

Àwọn tó ń lọ sí adágún Kainji, omi ibẹ̀ máa ń fà jù ní oṣù keje sí ìkẹjọ, kùkùté á sì sún mọ́ òkè. Ẹ gbé irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dé ìdajì.

Èdídí ihò tí omi ń gbà jáde ní ìdí ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Ẹni tó bá gbàgbé ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti tutù kó tó kúrò létí omi.